Ilẹ̀ Tí A Rí Lórí Fóònù: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ajẹ́ńtì Ilẹ̀ Agbabu Kọ̀wé Sórí Ìkànnì Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, ojú ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo ilẹ̀ tí a fẹ́ rà. Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kì í ráyè dé ìgbèríko láàárín ọ̀sẹ̀. Èyí tó wà ní London tàbí Houston tilẹ̀ tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá rí kà lórí ìkànnì ajẹ́ńtì ni yóò fi pinnu bóyá kí òun fi owó tí òun ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ránṣẹ́, tàbí kí òun dáwọ́ dúró ná. Bí ohun tó kà bá jẹ́ òótọ́, ilé yóò dìde lórí ilẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ẹjọ́ ni yóò dìde níbẹ̀, tọkọtaya sì lè tìtorí rẹ̀ dẹni tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mọ èdè lò ló ń fi kíkọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹun báyìí. Ajẹ́ńtì a ní ilẹ̀ nílẹ̀, a sì wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́ sórí ìkànnì. Kí a lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó rí, ẹ jẹ́ kí a fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Agbabu.

Ìlú tí ọ̀dà wà nínú ilẹ̀ rẹ̀

Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Agbabu wà, Òrè sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Benin mọ Òrè. Àwọn àgbà kò sì gbàgbé pé àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀ lọ́dún 1967. Láti ìgbà náà ni "Ó le kú, ìjà Òrè" ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa.

Òkìkí Agbabu ní tirẹ̀ dá lórí bítúmẹ̀nì, ọ̀dà dúdú tí a fi ń tẹ́ títì. Ó máa ń yọ sójú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, ti John Simon Bergheim, ti ń gbẹ́ kànga kiri agbègbè yìí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ọrọ̀ bá sì wà, ìpolówó kì í pẹ́ débẹ̀. Ó rọrùn fún ẹni tó ń kọ̀wé fún ajẹ́ńtì láti kọ ọ́ pé: "Ẹ ra ilẹ̀, kí ẹ ra bítúmẹ̀nì mọ́ ọn." Gbólóhùn náà dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Abala 44(3) nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé Ìjọba Àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 tún un sọ. Ẹni tó ra plọ́ọ̀tì kan ní Agbabu kò ra ohunkóhun nínú ọ̀dà abẹ́ rẹ̀, kò sì lè wà á láìgba ìwé àṣẹ.

Èyí tó tún wúwo jù ni pé abala 28 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà bí wọ́n bá nílò rẹ̀ fún ìwakùsà. Òfin kò ní kí onílẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, owó gbà-má-bínú wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́lé tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún ní láti mọ̀ kó tó sanwó.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó wà lójú ìwé ilẹ̀ Agbabu rèé: "Ilẹ̀ yìí wà ní agbègbè tí bítúmẹ̀nì wà. Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín wádìí ní Mining Cadastre Office ní Abuja bóyá ẹnì kan ti gbàwé àṣẹ ìwakùsà lórí rẹ̀." Àwọn ajẹ́ńtì kan lè rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò lé oníbàárà sá. Òótọ́ ni pé yóò lé àwọn kan lọ. Àwọn tí yóò kù ni àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń rà, irú wọn kì í sì í padà wá bèèrè owó wọn pẹ̀lú ọlọ́pàá.

Ohun márùn-ún tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ lójú ìwé

Èkíní ni ibi tí ilẹ̀ wà gan-an. "Kò jìnnà sí Òrè" kò tó, nítorí ibi tí kò jìnnà sí ẹni tó ní mọ́tò lè jìnnà sí ẹni tó ń gun ọ̀kadà. Ẹ kọ orúkọ abúlé, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, bí ọ̀nà náà ṣe rí nígbà òjò, àti iye kìlómítà láti ojú títì.

Èkejì ni ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà "plọ́ọ̀tì" kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Plọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò ju nǹkan bíi 465 mítà onígun mẹ́rin lọ. Èyí tó jẹ́ 60 sí 120 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 669. Ìyàtọ̀ méjèèjì tó ibi tí a lè kọ́ ilé kékeré kan sí. Ẹ fi nọ́ńbà sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Ẹ sọ èyí tó wà àti èyí tí kò sí: ìwé ẹ̀rí ìsanwó láti ọwọ́ ẹbí, àwòrán tí awọnlẹ̀ yà, tàbí C of O. Òfin Lílo Ilẹ̀ sọ pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ ìbílẹ̀ kò ṣeé tà láìsí ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó sì wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà nílò ìyọ̀ǹda gómìnà. Bí ìyọ̀ǹda kò bá tíì jáde, ẹ má kọ "ìwé rẹ̀ pé".

Ẹ̀kẹrin ni ẹni tó ń tà. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn aṣáájú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà kì í ka títà tí olórí ẹbí kò mọ̀ sí rárá sí nǹkan kan, wọ́n sì lè fagi lé èyí tí olórí ẹbí nìkan dá ṣe.

Ìkarùn-ún ni owó, gbogbo rẹ̀ pátá: owó ilẹ̀, owó ajẹ́ńtì, owó agbẹjọ́rò, owó awọnlẹ̀ àti owó tí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń bèèrè. Owó tí a fi pamọ́ lójú ìwé ló máa ń dìjà lójú ilẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Èkíní: "Ilẹ̀ aláràbarà ní ìlú ọlọ́rọ̀! Ẹ yára, ó ti fẹ́ tán!" Kò sí ohun kan tí ènìyàn lè wádìí nínú rẹ̀. Èkejì: "Plọ́ọ̀tì 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, lẹ́bàá ọ̀nà ní Agbabu. Ilẹ̀ ẹbí ni. Awọnlẹ̀ ti ya àwòrán rẹ̀, kò tíì ní C of O. Ọ̀nà rẹ̀ máa ń ní pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ nígbà òjò. Kò tíì sí iná. A wò ó kẹ́yìn ní ọjọ́ 4, oṣù yìí." Èkejì kò ní ariwo, àmọ́ òun ni ìyá tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun wo ilẹ̀ lè mú lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.

Àwòrán, èdè àti àṣírí

Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà gan-an, kí ọ̀nà rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ hàn. Àwòrán ilé aláràbarà tí a gbà láti orílẹ̀-èdè mìíràn kò pẹ́ tú lónìí, nítorí Google Lens lè fi ibi tí a ti mú un wá han ẹnikẹ́ni. Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù kó tó gòkè. Ẹni tó ń ka ìkànnì lórí fóònù kékeré, tí dátà rẹ̀ sì fẹ́ tán, kò ní dúró dè é.

Ẹ má gbé ìwé ilẹ̀ lódindi síta. Ẹni ibi lè yí i padà kó fi lu ẹlòmíràn ní jìbìtì. Ẹ sọ pé ìwé wà, kí ẹ fi han ẹni tó bá wá. Ẹ má sì ṣe gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ẹbí tó ń tà síta láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ti èdè, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó fẹ́ ẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ máa ń rí ilẹ̀ lórí fóònù, tí bàbá tàbí ìyá sì jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé "rà á" tàbí "fi í sílẹ̀". Bí àwọn òbí bá lè gbọ́ ọ ní èdè wọn, gbogbo ilé ni yóò jọ pinnu.

Títọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́

Ìkànnì dà bí oko: ẹni tó gbìn tí kò ro ó, igbó ni yóò bá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ tó ti tà, kí ẹ kọ "A ti tà á" sí i lójú ẹsẹ̀. Fífi ilẹ̀ tó ti tà sílẹ̀ kí oníbàárà lè máa pè jẹ́ ẹ̀tàn, òun náà ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún títa ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Lóṣooṣù, ẹ yẹ iye owó wò, kí ẹ sì pe nọ́ńbà tó wà lójú ìwé láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń lọ. Lọ́dọọdún, ẹ ya àwòrán ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn sójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì gbàgbé láti sanwó orúkọ ìkànnì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, orúkọ yín ni onítọ̀hún yóò máa fi tajà.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó fẹ́ rà, ohun tí a kà sílẹ̀ yìí ni kí ẹ fi yẹ ìkànnì wò. Bí ojú ìwé kan kò bá sọ ìwọ̀n, ìwé, ẹni tó ń tà àti ọjọ́ tí wọ́n wò ó kẹ́yìn, ẹ bèèrè. Bí ajẹ́ńtì bá bínú nítorí ìbéèrè, ẹ ti rí ìdáhùn gbà. Bí ó bá sì dáhùn, ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ síbẹ̀ pẹ̀lú awọnlẹ̀, kí agbẹjọ́rò sì yẹ ìwé rẹ̀ wò ní Àkúrẹ́. Ilẹ̀ kì í sá lọ, ṣùgbọ́n owó tó bá ti jáde lápò kì í mọ ọ̀nà ilé.