Ojú Tí Yóò Bá Ni Kalẹ́: Ìtọ́jú Ara Lẹ́yìn Ọdún 40 ní Ngomari

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Bí a bá fi ìgbà èwe wé àárọ̀, tí a sì fi ìgbà ogbó wé alẹ́, ọ̀sán ni ọjọ́ orí 40 sí 60. Ọ̀sán yìí ni ẹrù máa ń wúwo jù lórí ènìyàn: owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ìtọ́jú òbí tí ó ti darúgbó, àti ìnáwó ẹbí. Ọ̀sán yìí kan náà ni àwọn àìsàn tí kì í pariwo máa ń wọlé.

Ní àdúgbò Ngomari, ní ẹ̀bá pápákọ̀ òfurufú ìlú Maiduguri, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, ọ̀sán ayé yìí ní ìnira tirẹ̀. Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ọdún, ooru ìlú náà sábà máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti ọdún 2009 tí rògbòdìyàn Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará ìlú náà ti rí òfin kónílé-ó-gbélé, wọ́n ti gba àlejò àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ọ̀pọ̀ sì ti sin ènìyàn wọn. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, lẹ́yìn tí ìsédò Alau ti ya, omi bo apá púpọ̀ nínú ìlú náà, títí dé inú Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Yunifásítì Maiduguri, tí a mọ̀ sí UMTH.

Kò sí baálé tàbí ìyáálé ilé tí ó lè dá ooru tàbí omíyalé dúró. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ wà tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn: ohun tí ó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, omi tí wọ́n ń mu, ìrìn tí wọ́n ń rìn, oorun tí wọ́n ń sùn, àti àyẹ̀wò ara.

Àìsàn tí kì í kan ilẹ̀kùn

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí àwọn àìsàn wọ̀nyí. Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan kọjá, bí omi ṣe ń gba inú ọ̀pá kọjá. Bí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan bá pọ̀ jù lójoojúmọ́, iṣan náà yóò máa le, yóò sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, ó lè yọrí sí àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ó bá kan kíndìnrín, kíndìnrín lè dẹ́kun iṣẹ́. Ó lè ba ojú jẹ́, ó sì lè mú kí ọkàn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí fífọ́ tàbí òòyì ni yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ara wọn ń yá gágá. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 1.28 bílíọ̀nù ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 30 sí 79 ni ó ní àìsàn yìí, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkùgbé, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó tí ó papò dà ní ọdún 2020, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ pe àkíyèsí ìjọba sí àìsàn yìí. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ gbé jáde ní 1997 fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100, bí 11 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Òṣùwọ̀n 160/95 ni wọ́n lò nígbà náà. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ dókítà ní orílẹ̀-èdè yìí ń lò lónìí ni 140/90. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí a kò kà mọ́ aláìsàn nígbà náà ni a óò kà mọ́ wọn nísinsìnyí.

Àìtètè mólè, olè á mólóko. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tó ọdún 40 gbọ́dọ̀ máa yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ó gbé apá lé tábìlì, kí ó má sọ̀rọ̀. Kí ó ti tọ̀, kí ó má sì tíì mu ṣáyì tàbí kọfí láàárín ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Bí nọ́ńbà náà bá ga, kí ó tún un yẹ̀ wò ní ọjọ́ mìíràn kí a tó pè é ní àìsàn.

Kí ó fi àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà kún un. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tó 7.0 lórí òṣùwọ̀n mmol, tàbí 126 lórí òṣùwọ̀n mg, láàárọ̀ kí a tó jẹun, dókítà ní láti tún un wò.

Nínú ìkòkò ọbẹ̀

Ẹbí Yorùbá tí ó ń gbé ní Maiduguri kì í pẹ́ mọ oúnjẹ ibẹ̀ jẹ: tuwo ọkà bàbà pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà tí a fi ewé igi osè sè, ẹja gbígbẹ láti ìhà adágún Chad, kúnú, àti fúrá pẹ̀lú nọ́nò. Oúnjẹ tí ó ṣara lóore pọ̀ nínú wọn. Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń dà sí i.

WHO dámọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà kan ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò tó ṣíbí kékeré kan. Iyọ̀ tí ó wà nínú magí, nínú kílíṣí àti nínú ẹja oníyọ̀ wà nínú ìṣirò yìí. Ìyáwó ilé tí ó ń fi magí mẹ́rin sí ìkòkò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí ó sọ ọ́ di méjì. Irú, ata, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ yóò dí àlàfo náà. Ahọ́n máa ń kọ́ ìtọ́wò tuntun bí a bá fún un láàyè.

Ṣáyì tún wà. Ẹni tí ó ń mu ife mẹ́rin lóòjọ́, tí ó ń fi ṣíbí ṣúgà mẹ́ta sí ife kọ̀ọ̀kan, ti jẹ ṣíbí ṣúgà 12 kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ooru, omi àti kíndìnrín

Nínú ooru Borno, ara máa ń pàdánù omi púpọ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tètè ń gbẹ òógùn. Kí a máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wá. Bí ìtọ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi kò tó. Ẹni tí ó bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín ni kí ó béèrè ìwọ̀n omi tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ewu mìíràn ni oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí ọ̀pọ̀ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ fún ẹ̀yìn dídùn àti oríkèé ríro. Bí a bá ń lò wọ́n lemọ́lemọ́, pàápàá nígbà tí omi kò tó lára, wọ́n lè ṣèpalára fún kíndìnrín, wọ́n sì lè mú ìfúnpá ga. Kí a ṣọ́ra pẹ̀lú àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìrìn àti oorun

Ní ọdún 2011, ìjọba Ìpínlẹ̀ Borno fi òfin de ọ̀kadà ní Maiduguri nítorí ààbò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè fi ẹsẹ̀ rin ibi tí kò jìnnà dípò kí ó wọ kẹ̀kẹ́ ti rí oògùn ọ̀fẹ́. Ìwọ̀n tí WHO fi lélẹ̀ ni ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀: ìrìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30, ní ọjọ́ 5. Àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ni ó dára jù. Níbi tí ìrìn ìta kò bá bọ́ sí i, àgbàlá ilé tó: igbálẹ̀, iyán gígún àti omi pípọn jẹ́ eré ìdárayá bí wọ́n bá mú kí èémí yára.

Oorun ṣòro ju ìrìn lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí ba ọ̀pá iná jẹ́, ìlú náà sì wà nínú òkùnkùn fún ìgbà pípẹ́. Láìsí fáànù, oorun alẹ́ a máa di ìjàkadì. Ìwẹ̀ omi tútù kí a tó sùn, fèrèsé tí ó dojú kọ ara wọn, àti àpò ẹ̀fọn fún ẹni tí ó bá sùn síta, a máa ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìbànújẹ́ tàbí ìpayà ogun ni kò jẹ́ kí ènìyàn sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àìsàn ni, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Kí ó sọ ọ́ fún dókítà.

Oògùn, ààwẹ̀ àti ọjọ́ ìpọ́njú

Àṣìṣe tí ó ń pa ni jù ni kí ènìyàn dá oògùn ìfúnpá dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn náà ni ó mú kí nọ́ńbà wálẹ̀. Bí a bá dá a dúró, yóò tún gòkè.

Ẹni tí ó ń lo oògùn, tí ó sì fẹ́ gba ààwẹ̀ Ramadan tàbí ti Lẹ́ńtì, kí ó rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. A lè yí àkókò oògùn padà sí ìgbà sààrì àti ìṣínu. Àwọn kan wà, pàápàá tí ó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tí dókítà lè ní kí wọ́n má gbààwẹ̀ rárá.

Ẹ̀kọ́ ọdún 2024 kò sì yẹ kí ó lọ lásán. Nígbà tí omi bá wọlé lóru, ẹni tí ó ń lo oògùn ojoojúmọ́ lè pàdánù rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan di oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé tí a kọ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sí, àti káàdì ilé ìwòsàn sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí wọ́n gbé e sí ibi gíga, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibẹ̀.

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rẹ̀ bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, kí a má fi epo pa á, kí a má sì dúró dọjọ́ kejì. Wákàtí àkọ́kọ́ ṣe iyebíye. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó súnmọ́ jù lọ.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ní Ngomari, ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú magí kan tí a yọ kúrò nínú ọbẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú 30, àti ìfúnpá tí a lọ yẹ̀ wò.