Ìkìlọ̀ Kì í Ṣe Ìhalẹ̀

Bí ẹ bá gba títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹ sì yà sí àdúgbò kan lápá Ajah, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i lára ògiri pé: “Ilé yìí kì í ṣe fún títà. Ẹ ṣọ́ra fún 419.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ni nọ́ńbà náà ti wá; òun ló de ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gba ohun-ìní ẹlòmíràn.

Ìkìlọ̀ ni Yorùbá ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá wa bá ní, “Mo kìlọ̀ fún ọ o!”, ìbínú nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ máa ń gbọ́, bí ẹni pé ìhalẹ̀ ni. Èdè wa fúnra rẹ̀ ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: à ń kìlọ̀ fún ènìyàn, à ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn. “Fún” yìí náà la fi ń ṣoore fún ni, òun la fi ń gbàdúrà fún ni. Ẹni tó ń halẹ̀ ń wá ohun tí yóò rí gbà lọ́wọ́ rẹ; ẹni tó ń kìlọ̀ kò fẹ́ kí o pàdánù èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ wá tún ògiri yẹn wò. Lóòótọ́, onílé ń dáàbò bo ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kìlọ̀ fún tọkọtaya tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n ti ń tu owó jọ láti ọdún pípẹ́. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ohun-ìní onílé láìgbàṣẹ, síbẹ̀ ẹjọ́ kì í tètè dá owó padà.

Ògiri tí kò ní àkọlé kò sì sọ pé títà ni ilé náà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yẹ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wò ní Alausa, ní Ìkẹjà. Ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè. Bí àgbàlagbà kan bá ní, “Ọmọ mi, rọra,” ẹ dúró gbọ́ ọ.

Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá la máa ń bá wí nínú òwe yìí. Ẹ jẹ́ ká rántí ọdẹ náà: ó ń fọn fèrè nítorí pé ó fẹ́ kí ajá rẹ̀ padà wálé.