Ọ́ílì Ẹ́ńjìnì: Èyí Tó Yẹ Ọkọ̀ Yín àti Ìgbà Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀

Ọkọ̀ èrò tó ń ná Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn, bó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó ti rin nǹkan bíi 200 kìlómítà. Ọjọ́ mẹ́fà irú ìrìn bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1,200. Kí oṣù tó parí, ó ti tó 5,000. Ọkọ̀ olùkọ́ tó jẹ́ pé yunifásítì LAUTECH, ọjà àti ilé ìjọsìn nìkan ló ń dé lè má rin tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan gbáko. Síbẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń sọ fún àwọn méjèèjì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì: "Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ílì." Bí ọlọ́kọ̀ èrò bá tẹ̀ lé e, ọ́ílì kan ṣoṣo ló máa fi rin 15,000 kìlómítà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀. Olùkọ́ ní tirẹ̀ á máa da ọ́ílì tó ṣì lágbára nù. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ṣe ló yẹ ká fi ṣírò ọjọ́ orí ọ́ílì. Oṣù wúlò fún ọkọ̀ tí kì í rìn púpọ̀: bó bá ti pé oṣù mẹ́fà, kí olówó rẹ̀ yọ ọ́ílì náà, kódà bí kò bá tíì rin 2,000 kìlómítà, nítorí ìrìn ráńpẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná tó láti lé omi tó ń kóra jọ sínú ọ́ílì jáde.

Fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè wa, tó sì ń lo ọ́ílì lásán tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, 5,000 kìlómítà ni mo fara mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ìwé ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ń sọ 5,000 máìlì, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń sọ 10,000 fún ọ́ílì olówó gọbọi tí wọ́n ń pè ní synthetic. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà ló ń kìlọ̀ nínú ìwé wọn pé ọkọ̀ tó ń rin ojú ọ̀nà eléruku, tó ń kó ẹrù wúwo, tàbí tó ń dúró pẹ́ lójú kan láìpa ẹ́ńjìnì, ọ́ílì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè jáde. Ẹni tó bá ti há sáàárín àwọn tírélà lọ́nà àtijọ́ tó so Ọ̀yọ́ mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ooru ọ̀sán sì ń mú, mọ̀ pé ọkọ̀ tiwa ni ìwé yẹn ń bá wí.

Ẹ tún wo dáṣíbọọ̀dù yín dáadáa. Máìlì ni Tokunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà. Bí nọ́ńbà iwájú yín bá fi 3,000 lé sí i, ẹ ti rin nǹkan bíi 4,800 kìlómítà, ọ́ílì ti tó yọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń retí kí ó di 5,000 ti kọjá 8,000 kìlómítà kó tó mọ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà dáṣíbọọ̀dù sórí páálí kékeré, kí ó so ó mọ́ ibi tí ojú yín máa tó nígbà tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. SAE, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1905, ló ṣètò 20W-50, 10W-40, 5W-30 àti àwọn yòókù. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ílì ṣe ń ṣe nínú òtútù. Ìwọ̀n -15°C ni wọ́n ti ń dán 20W wò, wọ́n sì ń dán 5W wò ní -30°C. Ọyẹ́ tó le jù lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò sún mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló kàn wá jù, nítorí òun ló ń sọ bí ọ́ílì ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100°C. 50 ki ju 40 lọ, 40 sì ki ju 30 lọ.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ní ọ̀pọ̀ gáréèjì ni pé bí ọ́ílì bá ṣe ki tó ni yóò ṣe dáàbò bo ẹ́ńjìnì tó. Òótọ́ wà níbẹ̀ fún ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti jẹ díẹ̀, tó sì ti ń mu ọ́ílì. Àwọn ìwé tí Toyota ń ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè olóoru pàápàá máa ń fàyè gba 15W-40 àti 20W-50 fún ọ̀pọ̀ lára ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì Toyota tó ní VVT-i ń fi agbára ọ́ílì darí ìgbà tí fáàfù ń ṣí àti ìgbà tó ń dé, ojú ihò tí ọ́ílì ń gbà kọjá níbẹ̀ sì kéré. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì le, tí ìwé rẹ̀ sọ pé 5W-30, ẹ fún un ní 5W-30. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n kọ 0W-20 sórí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ílì sí kò gbọ́dọ̀ rí 20W-50 rárá.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wá lẹ́tà API, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà. S ni ti ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, C ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bí ọ́ílì náà ṣe bá ìgbà mu: API sọ pé SA kò yẹ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1930, SF kò yẹ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. SL wà fún ọkọ̀ 2004 sẹ́yìn, SM fún 2010 sẹ́yìn, SN fún 2020 sẹ́yìn, SP sì dé ní 2020. Lẹ́tà tuntun lè rọ́pò ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kò lè rọ́pò tuntun. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ọ́ílì SF sínú Corolla 2008 nítorí owó pọ́ọ́kú, ẹ́ńjìnì ló fẹ́ fi san ìyókù owó náà.

Àwọn tó ní Camry tí à ń pè ní Muscle, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 2.4, láti 2007 sí 2009, ẹ fetí sí èyí. Ẹ́ńjìnì náà gbajúmọ̀ fún mímu ọ́ílì, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ní ọdún 2015 Toyota fi kún àkókò tí wọ́n fi ń bá àwọn oníbàárà wọn ní Amẹ́ríkà tún un ṣe. Ó lè gbẹ láìjò sílẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wo géèjì ọ́ílì rẹ̀: ẹ gbé ọkọ̀ sí ojú ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ nu géèjì, ẹ tì í bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó kà á. Kí ọ́ílì má ṣe lọ sísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀, kó má sì kọjá àmì òkè, nítorí èyí tó bá pọ̀ jù á hó, á sì sọ agbára nù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ́ílì tí òun ń fi kún un ti dípò pípààrọ̀ rẹ̀. Bí iná pupa ọ́ílì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnì níbẹ̀. Kìlómítà márùn-ún tó ṣẹ́ kù sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti tó láti ba á jẹ́ pátápátá.

Ọlọ́kadà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ́ílì kan náà ló ń dé ẹ́ńjìnì àti kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí wọ́n sì pò mọ́ àwọn ọ́ílì ọkọ̀ kan kó lè yọ̀ dáadáa lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Ẹ ra èyí tó ní JASO MA tàbí MA2 lára.

Jẹnẹrétọ̀ ni à ń fìyà jẹ jù. Ọ́ílì inú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń lò nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù kò ju nǹkan bíi lítà kan tàbí ìdajì rẹ̀ lọ, kò sì ní nọ́ńbà dáṣíbọọ̀dù tó máa kéde. Ìwé ẹ́ńjìnì kékeré Honda sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ílì àkọ́kọ́ lẹ́yìn 20 wákàtí, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 100 wákàtí. Onídìrí tó ń tan tirẹ̀ ní wákàtí márùn-ún lójúmọ́ ti pé 100 wákàtí ní ogúnjọ́. Mélòó nínú wa ló ń yọ ọ́ílì jẹnẹrétọ̀ ní ogúnjọ́? Èyí tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò ní ọ́ílì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú epo la ti ń pò ó, 20 mílílítà ọ́ílì 2T sí lítà epo kan. Ọ́ílì ọkọ̀ kò yẹ ibẹ̀.

Nígbà tí náírà já ní oṣù Òkúdù 2023, owó ọ́ílì gun òkè, nítorí òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń pò ó ti ń wá. Ẹ̀ka tó ń ṣe é nílé ìfọpo Kàdúná ti dákẹ́ tipẹ́. Níbi tí owó bá ti gun òkè, ayédèrú á pọ̀. Ọ́ílì tí wọ́n ti lò ni àwọn aṣebi ń sẹ́, tí wọ́n ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì ojúlówó. Ẹ yẹ òǹtẹ̀ ìdérí wò, ẹ wo nọ́ńbà ìṣelọ́pọ̀, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà bá, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀bẹ lu kẹ́ẹ̀gì tó bá ti ṣófo kí ẹnikẹ́ni má lè tún un lò.

Láti Bélú dé Èrèlé, ẹ máa gbọn eruku ara fílítà afẹ́fẹ́ dànù tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí eruku ọyẹ́ tó bá wọlé ń họ ara ẹ́ńjìnì, ọ́ílì kò sì lè wo ibi tó bá ti họ sàn. Ní ìgbà òjò, bí ọkọ̀ bá la àgbàrá kọjá, tí ọ́ílì ara géèjì sì pọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi dé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ bẹ gbogbo ènìyàn lé lórí. Ọ́ílì dúdú tí a yọ ní irin àti májèlé nínú, ilé púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ló sì jẹ́ pé omi kànga ni wọ́n ń mu. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ fún mẹkáníìkì yín. Ẹ má ṣe dà á sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà.