Ọkọ̀ Àlejò Lórí Ilẹ̀ Onílé

Ìlú tí a tìtorí àlejò tẹ̀ dó kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ọdẹ ni í sábà tẹ ìlú dó, tàbí ọmọ ọba tí adé bọ́ mọ́ lọ́wọ́, tàbí àwọn tí ogun lé kúrò nílé bàbá wọn; ṣùgbọ́n ti Festac ní Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì, ní sàkáání Amúwo àti Kuje àti àwọn ìletò mìíràn tí ó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀dà títì tó dé, ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí, kí àwọn tí ń bọ̀ wá sí àpéjọ ńlá ti àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977, lè rí ibi fi orí lé. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀, wọ́n sì lọ. Ìjọba pín ilé fún àwọn ará ìlú, orúkọ àpéjọ náà sì di orúkọ àdúgbò.

Ọdún 1977 yìí kan náà ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can, tí kò jìnnà sí Festac rárá, nítorí pé ní ọdún 1975 ọkọ̀ ojú omi tí ó kó sìmẹ́ǹtì wá sí Èkó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí wọ́n fi tò lọ bẹẹrẹ lórí òkun, tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí. Nípa báyìí, àlejò oríṣi méjì ni àdúgbò kan ṣoṣo gbà lọ́dún kan: èkíní wá ṣe fàájì, kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, èkejì wá ṣòwò, òun kò sì tíì padà sílé títí di òní olónìí. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Gbèsè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti ilẹ̀ tí ọkọ̀ àlejò ń dúró sí, owó tí a ń gbà lórí ìdúró náà, àti ibi tí owó ọ̀hún ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti fàájì. Èkó Akéte, àrómisá-lẹ́gbẹlẹ́gbẹ, kì í ṣe ìlú tí ẹnìkan lè fi mọ́tò rìn já gbogbo ìpẹ̀kun rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí Festac wà nínú rẹ̀, pàápàá sì ní apá kan lórí ìyàngbẹ ilẹ̀, ó ní èkejì ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí Ìlàṣẹ àti Ìbẹṣẹ gbé kọjú sí òkun gidi. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gba atẹ́gùn ní Ìlàṣẹ lópin ọ̀sẹ̀ ní láti fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ ní etí omi, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó sì máa bẹ Ọlọ́run pé kí òun padà wá bá a pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ní tíì pa ẹ́ńjìnnì tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò fi yọ sí i, tí yóò máa juwọ́ pé, “Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ gé e sọ́tùn-ún, ó ti tó! Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, màá bá yín wò ó.” Owó yóò ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, tíkẹ́ẹ̀tì kò ní sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò béèrè ta ni ó ni ilẹ̀.

Èmi kì í bá wọn pe irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní olè. Iṣẹ́ ni ó ṣe. Oòrùn pa á, òjò sì pa á nídìí mọ́tò olówó. Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ìjọba tí ó sì fi etí omi sílẹ̀ láìní olùtọ́jú ni ó la ogiri náà fúnra rẹ̀. Ní apá Lẹ́kì, níbi tí ìdílé ọba Elégùṣì gbé ni etíkun tiwọn, ẹnu géètì ni a ti ń sanwó, àlejò sì mọ ẹni tí òun san án fún. A lè sọ pé owó náà pọ̀, a kò lè sọ pé a kò mọ ẹni tí ó gbà á.

Àwọn kan yóò sọ pé èéṣe tí a ó fi máa sanwó lórí pé ọkọ̀ dúró. Ìdáhùn mi ni pé ilẹ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ. Àyè tí wọ́n ń là sílẹ̀ fún mọ́tò kan nílùú Òyìnbó gùn ní mítà 4.8, ó sì fẹ̀ ní mítà 2.4, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá yàrá kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 dọ́gba, irú yàrá tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ń háyà ní Èkó, tí onílé sì ń kanlẹ̀kùn nítorí owó rẹ̀. Mọ́tò kan ṣoṣo gba yàrá yìí lójú títì láti àárọ̀ dalẹ́, a sì ń pè é ní ọ̀fẹ́. Ọgbọ́n yìí ni ìlú Oklahoma City ní Amẹ́ríkà fi ri ẹ̀rọ agbowó àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀bá títì ní oṣù Agẹmọ ọdún 1935, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ọkọ̀ tiwọn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀, tí oníbàárà kò sì rí ibi dúró. Ó di ọdún 1958 kí irú rẹ̀ tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ní Grosvenor Square. Tiwa kọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun pàṣẹ pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe é pín sí méjì dọ́gba àti èyí tí kò ṣe é pín bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà ní Èkó, àwọn olówó sì lọ ra mọ́tò kejì. Ẹ̀rín pa tálákà lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó wà lórí ìdúró nínú mọ́lúè.

Ta wá ni òfin fún láṣẹ láti gbowó yìí? Ibí ni okùn ti lọ́ mọ́ra. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka ọjà, ilé ìpẹran àti páàkì mọ́tò mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin owó orí ti ọdún 1998 pẹ̀lú ka owó páàkì àti owó ìtanràn lórí páàkì àìtọ́ mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, ó sì ka á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbégi dínà nítorí owó. Nígbà tí ó di ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ètò ìrìnnà, èyí tí ó bí LASPA, iléeṣẹ́ tí yóò máa bójú tó páàkì káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Bí a bá wá dé Festac, ìjọba àpapọ̀ tún wà níbẹ̀ tí ó ń sọ pé òun ni òun kọ́ ìlú náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ kò sì tíì gbàgbé pé bàbá àwọn ni ó dá oko sí i. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, nígbà tí LASPA kọ̀wé sí àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n sanwó lórí àyè tí ó wà láàrin ọgbà wọn àti títì, ariwo ta gèè, àwọn ènìyàn sì bi ara wọn bóyá iwájú ilé ẹni náà ti di ti ìjọba. Iléeṣẹ́ náà ní láti jáde ṣàlàyé pé àyè ìjọba tí wọ́n ń fi ṣòwò ni òun ń wí, kì í ṣe ti ilé gbígbé.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tí páàkì lè fi ojú àdúgbò rí, àlejò kejì, oníṣòwò, ni kí a lọ bi, nítorí pé Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ti jìyà lọ́wọ́ tírélà. Fún ọdún púpọ̀, láti Tin Can wá dé Mile 2, ojú títì gan-an ni páàkì wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Táńkà epo àti ọkọ̀ kòǹtẹ́nà yóò sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn awakọ̀ yóò máa sè, wọn yóò máa fọ̀, wọn yóò máa yàgbẹ́ sí ẹ̀bá gọ́tà. Òṣìṣẹ́ yóò sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ rìn, aláboyún yóò gun ọ̀kadà láàrin irin méjì, ilé ìtajà tí tírélà dí lójú yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ owó páàkì sétí rárá, kí ó rántí àkókò yẹn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ọdún 2021, àjọ tí ń bójú tó àwọn èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní Ètò: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wá sí ẹnu èbúté mọ́ àfi tí a bá pè é, páàkì tí a fọwọ́ sí ni yóò ti dúró, yóò sì sanwó ìdúró rẹ̀. Títì mí díẹ̀. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti dán, nítorí pé àwọn awakọ̀ kò yé ké pé owó ẹ̀yìn ṣì ń lọ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń gbé Amúwo mọ ìyàtọ̀ láàrin ọjọ́ tí tírélà sùn sí páàkì àti ọjọ́ tí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àbùkù kan wà tí owó páàkì máa ń bí níbi gbogbo, kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan: bí a bá bù ú lé òpópónà ńlá, mọ́tò yóò sá wọ àdúgbò. Lọ́la ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní First Avenue ní Festac, ọ̀la náà ni àwọn tí ó wá jẹ ẹja tútù lálẹ́ yóò kọjá sínú àwọn ojúlé, tí ìyá àgbà tí ó fẹ́ jáde lọ sí ìsìn òwúrọ̀ yóò sì bá mọ́tò àjèjì lẹ́nu géètì rẹ̀. Nítorí èyí ni ìlú Òyìnbó ṣe ń fún onílé ní ìwé àṣẹ páàkì, ìwé náà pàápàá sì lè di ìjà. Ní Barnet, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ìgbìmọ̀ ìlú gbé owó ìwé onílé kúrò ní pọ́n-ùn 40 lọ sí 100, wọ́n sì gbé ti àlejò láti pọ́n-ùn 1 lọ sí 4. Àwọn ará àdúgbò pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gíga sì dájọ́ ní ọdún 2013 pé agbára páàkì kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ lè fi máa wá owó kún àpò. Òfin wọn là á kalẹ̀ pé bí èrè bá kù lórí páàkì ojú títì, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ìrìnnà ni kí a fi bójú tó. Ní Pasadena ní ìpínlẹ̀ California, láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń dá owó tí ẹ̀rọ bá gbà lójú títì padà sí títì yẹn kan náà, wọ́n fi ń tún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe, wọ́n fi ń gbá ilẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí ó kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń gbè é lẹ́yìn.

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, àwọn ará Festac kò sì ṣàìmọ èyí. Bí ìgbìmọ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ń lọ sí Ìlàṣẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ bá Ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ jókòó láti mọ ẹni tí yóò gbà á, kí owó ọjọ́ Sátidé ju ti ọjọ́ iṣẹ́ lọ, kí onílé má san níwájú ilé rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀wù wọ ọmọkùnrin etí omi nì, kí wọ́n fún un ní ìwé tíkẹ́ẹ̀tì àti owó oṣù dípò kí wọ́n lé e lọ. Láti ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, ìrìn kìlómítà 13, ẹni tí ó bá sì lè fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ ní Mile 2 lówó pọ́ọ́kú, níbi tí iná wà tí ọgbà sì yí ká, kò ní wà á wọ Ìsàlẹ̀ Èkó lọ wá páàkì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà. Páàkì tí èmi yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, kí n tó gbé ẹ̀rọ kankan dé First Avenue.