Ìdí Tí Ojú Òpó Fi Ń Kú Lójijì Lórí Sáfà Kékeré

Bí ojú òpó wa bá kú, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn ti papòdà. Nítorí náà la ṣe ń sọ ohun tí a rí fún àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa tó ń lo sáfà Linux kékeré.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń tún sáfà náà tàn ni. Yóò jí lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó tún kú. Ẹ kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ tí Linux fúnra rẹ̀ ń ṣe: ẹ tẹ journalctl -k.

Ohun tí a bá níbẹ̀ ni Out of memory: Killed process, orúkọ tó sì tẹ̀lé e ni mysqld, ètò tó ń tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Èèyàn lè rò pé MySQL ló bàjẹ́. Rárá o. Bí RAM, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bá tán, Linux á pa ètò kan kí gbogbo rẹ̀ má bàa dojú dé. Èyí tó gba àyè jù ló sábà máa ń pa.

Apache ló jẹ àyè náà tán. Bí a ṣe tò ó, ó ń yan òṣìṣẹ́ kan fún àlejò kọ̀ọ̀kan tó bá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. RAM wa kò ju 1 GB lọ. A fi ps wò ó: òṣìṣẹ́ kan ń jẹ bíi 40 MB, nítorí PHP wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ètò náà láyè láti yan òṣìṣẹ́ 150. Ẹ ṣírò rẹ̀, 6,000 MB ni! Ọjọ́ tí a bá gbé orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tuntun jáde, tí ará ilé àti ará ẹ̀yìn odi rọ́ wá, ọjọ́ náà gan-an ló ń ṣubú.

A dín MaxRequestWorkers kù sí 12, ìyẹn 480 MB, kí MySQL lè ráàyè mí. A tún ya 1 GB sọ́tọ̀ lórí díìsìkì fún swap, ṣùgbọ́n swap lọ́ra, ẹ má gbójú lé e.

Bó bá jẹ́ No space left on device lẹ rí, díìsìkì ló kún, df -h yóò fi hàn yín. Ti segfault yàtọ̀ pátápátá. Inú ètò náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ní báyìí, àlejò kẹtàlá máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.