Ìwádìí Tí Alárinà Kò Lè Ṣe

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yàrá wa pé àyẹ̀wò ara kí á tó lóyún ni mo fẹ́ kọ nǹkan lé lórí fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, ‘Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ lóyún ni?’ Èkejì ní kí n lọ kọ nípa oríkì tàbí ẹ̀sà egúngún, nítorí pé ìyẹn ni wọ́n gbà wá sí yunifásítì láti kọ́. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò jìnnà sí ẹ̀kọ́ wa rárá, kò sì jìnnà sí ilé bàbá mi.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì àṣà Yorùbá yóò rántí ètò ìgbéyàwó ìbílẹ̀: ìfojúsóde, alárinà, ìwádìí, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána, kí á tó wá kan ìgbéyàwó gan-an. A máa ń há wọn sórí fún ìdánwò, a kì í sì í rántí pé ìwádìí ni òpó tí ó gbé gbogbo ìyókù ró. Alárinà àti àwọn àgbà ìdílé ni yóò lọ máa fimú fínlẹ̀. Ṣé wọn kì í ya wèrè ní ìdílé náà? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé wọn kì í jalè, wọn kì í sì í jẹ gbèsè? Wọn yóò tún bi Ifá léèrè. Bí wọ́n bá rí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó, ọ̀rọ̀ náà yóò tutù síbẹ̀ láìsí ariwo.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé àrùn lè ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Wọ́n mọ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ojú tí yóò wo inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ alárinà pin sí. Ẹni tí ó gbé ìpín fòníkúfọ̀ladìde kan sínú ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ akọni lóko, kí ó dàgbà kí ó darúgbó, kí ẹnikẹ́ni má sì rí àmì kankan lára rẹ̀.

Àwọn orúkọ àbíkú náà ń kọ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kókúmọ́, Kòsọ́kọ́. Nínú kíláàsì, à ń gé wọn sí mọ́fíìmù, à ń gba máàkì lórí wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Kòsọ́kọ́ ń wí pé ọkọ́ tí wọn yóò fi gbẹ́ ilẹ̀ mìíràn kò sí nílé mọ́. Èmi kò sọ pé fòníkúfọ̀ladìde ni gbogbo àbíkú o. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ bá ti ń kú léraléra, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí ojú wọn ń pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, a mọ ibi tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò lónìí. Ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada, tí àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èròjà tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa gan-an ni ó yàtọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Olúkúlùkù wa gba ìpín kan lọ́wọ́ bàbá, ó sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tí ó gba A méjì jẹ́ AA. Ẹni tí ó gba A kan àti S kan jẹ́ AS: ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ó lè fi S náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, ọ̀nà mẹ́rin ni oyún kọ̀ọ̀kan lè gbà: ọ̀kan já sí AA, méjì já sí AS, ọ̀kan já sí SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí. Ìṣirò yìí ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Wọ́n á ní, ‘A ti bí SS kan, ó ti tán, mẹ́ta tí ó kù yóò yè.’ Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń da owó ẹyọ sílẹ̀ ni: dídà àkọ́kọ́ kì í sọ fún èkejì bí yóò ṣe ṣubú. Àwa Yorùbá tún ní C nínú ẹ̀jẹ̀ wa pẹ̀lú. AS tí ó bá fẹ́ AC lè bí SC, òun náà sì ní ìnira tirẹ̀. Ẹni tí ó kàn ń béèrè pé ‘Ṣé AS ni ọ́?’ kò tíì béèrè tán.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ gbogbo èyí kí ó tó lọ sílé ọkọ. AS ni òun. Ọkùnrin tí ó fẹ́ ẹ mú ìwé wá láti ilé àyẹ̀wò kan ládùúgbò wọn, AA ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìjọ wo ìwé náà, àwọn òbí wò ó, gbogbo wa jó. Nígbà tí ọmọ wọn pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ké tọ̀sán-tòru. Màmá wa ní eyín ni ó fẹ́ hù, wọ́n fi òrí pa á lára. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: SS. Wọ́n wá yẹ ti bàbá rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: AS. Bùrọ̀dá kò purọ́. Ẹni tí ó kọ ìwé náà ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bùrọ̀dá jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àtijọ́ yẹn lọ́wọ́, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n ṣe é, ní ilé àyẹ̀wò méjì. Kí wọ́n béèrè èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ya èròjà ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí àyẹ̀wò kúkúrú kan wà tí kì í fi C hàn. Ẹni tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kí ó sọ fún wọn, kí ó sì dúró bí oṣù mẹ́rin, kí wọ́n má baà máa ka ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ fún un. Èmi náà ti ṣe tèmi lẹ́ẹ̀mejì. AS ni mí. Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ máa ń kàwé lálẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti bi í léèrè tirẹ̀, ojú sì tì mí bí mo ti ń bi í. AS ni òun náà. A ṣì jọ ń kàwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò kọjá ìwé mọ́. Kò rọrùn. Ó rọrùn ju kí á bi í lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ.

Ẹ̀dùn mìíràn tí mo ní ni pé ìwé jẹ́nótáìpù yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Bí wọ́n bá ti fi í han ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, ó parí. Nínú àṣà wa, a kì í kéde oyún títí yóò fi hàn. Nígbà tí ó bá hàn ni oyún dídè, àsèjẹ àti àgbo ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá kan sì ti parí nínú ilé ọmọ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ihò tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé kí ọjọ́ 28 tó pé lẹ́yìn tí oyún bá dúró. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ déédéé, ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ sọ pé ‘N kò rí nǹkan oṣù mi o,’ oyún náà ti pé bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó kù. Bí ihò náà kò bá pa dé dáadáa, wọ́n lè bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀, tàbí èyí tí orí rẹ̀ kò pé tí kò sì lè yè.

Èròjà kan tí à ń pè ní fólíìkì ń dín ewu yìí kù. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn Britain darí, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé láàrin àwọn obìnrin tí wọ́n ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, lílo fólíìkì ṣáájú oyún dín in kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n tí obìnrin ń lò lójúmọ́ jẹ́ 400 máíkírógíráàmù, ó kéré tán láti oṣù kan ṣáájú oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tí ó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ó ń lo oògùn wárápá, tàbí tí ó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, lè nílò èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ni yóò sọ ọ́. Tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà ní in nínú, ṣùgbọ́n bí a ti ń bọ ẹ̀fọ́ tí a ń da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni à ń dà nù.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ àwa ọkùnrin, ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti dákẹ́ ẹ̀rín. Ẹ wo èdè wa: obìnrin tí kò bímọ, àgàn ni. Akúra ni ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ kò lè dìde. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí àtọ̀ rẹ̀ kò sì lè di ọmọ, kò ní orúkọ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ náà fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀. Àtọ̀ tí ó jáde lónìí ti ń dá láti bí oṣù méjì ààbọ̀ sẹ́yìn, nítorí náà sìgá àti ọtí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣì lè kàn án. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ kí igẹ̀ wọn lè yọ, bí testosterone bá wà nínú rẹ̀, ó lè dá àtọ̀ dúró pátápátá fún oṣù púpọ̀.

Àwọn ìyókù, ọjọ́ kan ni a lè fi ṣe wọ́n, tọkọtaya méjèèjì: HIV, mẹ́dọ̀wú B, àtọ̀sí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà. Ìyá tí ó ní HIV tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè bí ọmọ tí kò ní in. Ọmọ ìyá tí ó ní mẹ́dọ̀wú B gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ láàrin wákàtí 24 tí a bí i. Kí a mọ̀ pẹ̀lú bóyá ẹ̀jẹ̀ obìnrin jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Rh négétíìfù, nítorí bí ti ọkọ bá jẹ́ pọ́sítíìfù, àkọ́bí sábà máa ń yè, àwọn àbúrò rẹ̀ ni ewu wà fún. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wà láti 1968. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn kan lójoojúmọ́, kí ó béèrè nípa rẹ̀ kí ó tó lóyún, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ó mọ orúkọ oògùn rẹ̀ ju bí ó ti mọ A, B, D lọ. Ẹ̀gbọ́n mi àti bùrọ̀dá ń ronú ọmọ kejì. Dókítà ti ṣàlàyé fún wọn nípa àyẹ̀wò tí a lè ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 oyún, àti nípa èyí tí wọ́n ń ṣe kí ọlẹ̀ tó wọ inú ìyá rárá, tí owó rẹ̀ ga ju agbára wọn lọ. Wọn kò tíì pinnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo fólíìkì láti oṣù tí ó kọjá, bùrọ̀dá sì ti fi sìgá sílẹ̀.