Ta Ni Yóò Wà Nínú Ọ̀la?

Ní Ẹ̀jìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti gbọ́ èdè Faransé lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ọkọ tó ń ṣòwò ní Abidjan. Ọkọ̀ á gbéra nílùú náà, á gba Kùtọnu, Lomé àti Accra kọjá, kó tó já èrò sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Ìyá àgbà tó kù sílé mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa wo fóònù, kó máa retí ìgbà tó máa dún.

Bí ẹnì kan bá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ìtàn kan wà nípa ìyá àgbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ìwakùsà lójú sánmà, láàárín àwọn àpáta ńláńlá tó ń yí oòrùn po, ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò ní pẹ́ tó máa rí i pé ìtàn ara òun ni wọ́n ń sọ. “Egoli” ni àkọlé ìtàn náà, T. L. Huchu, ọmọ ilẹ̀ Zimbabwe, ló sì kọ ọ́. Egoli ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe Johannesburg, níbi tí àwọn ọkùnrin Zimbabwe ti máa ń lọ wa wúrà láyé àtijọ́. Nínú ìtàn yìí, ojú sánmà ni wọ́n ń lọ báyìí. Ibi iṣẹ́ ti jìnnà sí i, àmọ́ bí àárò ọmọ ṣe ń sọni kò yí pa dà.

ÌTÀN TÓ Ń BÉÈRÈ Ọ̀RỌ̀

Ìtàn àròsọ tó dá lórí sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń pe irú ìtàn yìí. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ìbéèrè ló máa ń béèrè: bí ẹ̀rọ bá lè ṣe èyí tàbí ìyẹn lọ́la, báwo la ṣe máa jọ gbé pọ̀? Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwa tá a gbọ́ àlọ́ ní kékeré, tá a sì mọ igbó irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1938, mọ̀ pé ayé tá ò tíì dé lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ nípa ayé tá a wà.

Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ìwé àti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ọmọ Áfíríkà nínú ayé tó ń bọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn ló dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 2013, Ayodele Arigbabu ṣe olóòtú Lagos_2060, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé ti fojú inú wo bí Èkó ṣe máa rí nígbà tí òmìnira Nàìjíríà bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dún 2014, Mazi Nwonwu àti Chinelo Onwualu dá Omenana sílẹ̀, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di ọdún 2020, Wole Talabi, ẹni tó jẹ́ ẹnjiníà, kó ìtàn mẹ́jọ jọ sínú ìwé Africanfuturism, èyí tí Brittle Paper gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ara wọn ni “Egoli”.

Ọ̀RỌ̀ TÓ KAN ABIDJAN GAN-AN

Ní Abidjan, ìbéèrè nípa ẹni tó máa wà nínú ọ̀la kì í ṣe eré. Iṣẹ́ àti òwò ló fa àwọn èèyàn Burkina Faso, Mali, Nàìjíríà àti ibòmíì wá síbẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1998, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni wọ́n kà sí àjèjì ní Côte d'Ivoire, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa “ivoirité”, ìyẹn ni pé kí wọ́n máa ya ojúlówó ọmọ ilẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó dá ogun ọdún 2002 sílẹ̀. Rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìdìbò ọdún 2010 sì gba ẹ̀mí tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn nípa Abidjan ọdún 2060 gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville, àmọ́ tí bàbá bàbá rẹ̀ wá láti Ẹ̀jìgbò ńkọ́? Ṣé onílé ló máa jẹ́ nínú ìtàn náà, àbí àlejò títí láé?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nílùú náà ti fi hàn pé kò dìgbà téèyàn bá di ẹni ńlá. Lọ́dún 2018, nígbà tí O'Plérou Grebet ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ó ń ya àwòrán kékeré kan lójúmọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, nípa oúnjẹ, aṣọ àti ìṣesí àwọn èèyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó pè é ní Zouzoukwa, tó túmọ̀ sí àwòrán lédè Bété. Fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, àmọ́ nǹkan ilé wọn ò sí nínú rẹ̀. Ó fi í síbẹ̀.

ẸNI TÍ ARA RẸ̀ Ò PÉ, ẸNI TÍ OWÓ RẸ̀ Ò TÓ

Kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti wá nìkan ló ń mú kí wọ́n gbàgbé èèyàn. Eléré ìdárayá ni Nnedi Okorafor nígbà èwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọmọ Ígbò sì làwọn òbí rẹ̀. Ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ tó wọ́, àmọ́ nígbà tó jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbéra mọ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn, kó tó wá tún ìrìn kọ́. Nínú Noor, tó gbé jáde lọ́dún 2021, obìnrin tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ rìn ní Nàìjíríà ni ọ̀gá ìtàn. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàánú.

Nínú “O2 Arena” tí Oghenechovwe Donald Ekpeki kọ, àwọn èèyàn ń fowó ra afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan wọ ojú ìjà àjàkú akátá nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe. Ìtàn náà gba àmì ẹ̀yẹ Nebula lọ́dún 2022. Ìdílé tó ti wá owó oògùn rí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìtàn yìí. Ìyá àgbà tí ìtàn náà kàn jù lè má lè kà á. Àmọ́ ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lè kà á, kó sì sọ ọ́ lédè Yorùbá fún un lálẹ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lè ní kí àwọn ọmọ yín sọ bí àdúgbò yín ṣe máa rí lọ́dún 2060. Wọ́n á dárúkọ ọkọ̀ tó ń fò àti ẹ̀rọ tó ń dáná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé: Níbo ni ìyá àgbà wà níbẹ̀? Báwo ni ọ̀rẹ́ yín tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ṣe máa wọ ọkọ̀ náà? Èdè wo ni ẹ̀rọ ìdáná yẹn gbọ́? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sádùúgbò wa ńkọ́? Ẹ pe àwọn ìbátan yín tó wà ní Abidjan lórí fóònù, kí àwọn ọmọ wọn náà dá sí i.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ yẹn lè di ẹnjiníà tó máa ṣe ọkọ̀ náà lóòótọ́. Tó bá ti fi àyè sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ arọ nínú ìtàn tó sọ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, kò ní ṣòro fún un láti rántí rẹ̀ nígbà tó bá ń ya ilẹ̀kùn ọkọ̀.